Ìbọn Tó Ń Kọ́kọ́ Gbóná

Kí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sára ọ̀rá tó dé Ibereko, Dosi ló ń kọ pátákó fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà láti ẹ̀gbẹ́ títì títí dé etí ọ̀sà. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ilé ìtajà oògùn, ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lára gbogbo wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, tí ẹni tó bá ní kí wọ́n ṣe pátákó láàárọ̀ ń gbé e lọ lọ́sàn-án, iṣẹ́ Dosi kù sí orúkọ tí àwọn apẹja ń ní kó kọ sára ọkọ̀ ojú omi wọn. Kò ráhùn. Ó ní kò sẹ́ni tó lè lẹ ọ̀rá mọ́ ara ọkọ̀ tó ń wọ omi.

Ọmọ Gùn ni. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ pé wọ́n bí i tẹ̀lé ìbejì. Ọ̀kan nínú ìbejì náà kò dàgbà. Èkejì ni Samuel, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun, Dosi àti ìyá wọn jọ ń gbé nínú ilé tí bàbá wọn kọ́. Bàbá náà ti dolóògbé. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ló fi tọ́ wọn.

Samuel ti wa mọ́tò akérò rí, láti Àgbádárìgì lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn kan tó ń kó ìrẹsì gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ń sá, àwọn kan ń lé wọn, ìbọn dún láàárín wọn, ọta kan sì gba ojú fèrèsé mọ́tò Samuel wọlé. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ìbọn ẹni tí ọta náà ti jáde. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́. Láti ìgbà náà, ó ń bá àwọn ará àdúgbò ṣáájì fóònù níwájú ilé. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, àní ìyá rẹ̀ pàápàá. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ta pàò ní ilé kejì, yóò rọra dìde, yóò wọ yàrá, yóò pa ilẹ̀kùn dé.

Ìdí nìyí tí Dosi fi kọ̀ nígbà tí Ọlọ́ládé kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìbọn wá.

Òun àti Ọlọ́ládé jọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ijanikin. Ọlọ́ládé di olùkọ́, ó sì ń gbé ní Imeke, ṣùgbọ́n ohun tó gbà á lọ́kàn ju ohun gbogbo lọ ni géèmù ṣíṣe. Ó bá Dosi níbi tó ti ń kun ọkọ̀ létí omi, ó jókòó sórí igi àgbọn tó wó sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé.

"Ìwé géèmù kan ni mò ń ṣe. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á di ẹlòmíràn. Èmi á máa ròyìn ibi tí wọ́n wà, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, a ó wá ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i."

"Bíi lúdò?"

"Lúdò kò ní ìtàn nínú. Ìtàn ni gbogbo ti èyí. Ìlú wọn léfòó lórí òkun, ọkọ̀ wọn sì ń ná ọjà òṣùpá bí tiwa ṣe ń ná Àgbádárìgì sí Màrínà. Ṣùgbọ́n kò sí fóònù pẹlẹbẹ níbẹ̀ o. Ká ní wọ́n fún àwọn bàbá àgbà wa ní pẹ́ńsù, kí wọ́n ya ọjọ́ iwájú bí wọ́n ṣe rò ó nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Igi dídán, idẹ, gíláàsì, bọ́tìnì tí à ń fọwọ́ yí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Dosi. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí lo wá fẹ́ kí n yà níbẹ̀?"

"Àwọn ìbọn wọn."

Dosi ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ inú agolo kẹrosíìnì, ó ń fọ̀ ọ́. "Ní kí n ya ọkọ̀, màá yà á. Ní kí n ya ilé, màá yà á. Mi ò ní ya ìbọn nínú ilé tí Bọ̀dá Samuel ń gbé."

Ọlọ́ládé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Samuel, kò bá a jiyàn. Ó ní bó bá yí ọkàn padà, kó ránṣẹ́ sí òun. Wọ́n sọ̀rọ̀ mìíràn títí oòrùn fi yí, Ọlọ́ládé sì gun ọ̀kadà lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lọ́kàn Dosi: ọjọ́ iwájú tí àwọn bàbá àgbà yà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé iṣẹ́ tó jẹ́ tuntun fún un. Bó bá ń kọ orúkọ sára ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ ń ya ohun mìíràn. Nígbà tó yá, ó mú bébà, ó ní kí òun kàn wò ó. Ó ya ìbọn kan tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí apá àga ìgbafẹ́, tí ẹnu rẹ̀ ṣí bí ẹnu fèrè idẹ. Ó sọ ọ́ ní Ahọ́n Idẹ. Ó ya òmíràn tó sanra, tó ń tú ìkùukùu jáde kí ẹni tó gbé e lè rí ibi sá pamọ́ sí. Ìyẹn ni Ìyá Ìkùukùu. Bó ṣe ń yà wọ́n ló ń kó wọn sábẹ́ ẹní tó wà nínú yàrá rẹ̀.

Ẹní náà kò lè tọ́jú àṣírí. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, òrùlé ń jò, Samuel wọlé láti ká ohun tó wà nílẹ̀ kó má baà tutù. Nígbà tí Dosi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì nínú pálọ̀ pẹ̀lú gbogbo àwòrán náà lórí itan.

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi," ló wí. "Ọlọ́ládé ló ní kí n yà á fún géèmù kan. Mo ti kọ̀ fún un tẹ́lẹ̀."

Samuel kò gbójú sókè. Ó ń wo Ahọ́n Idẹ. "Ó dára," ló wí. Lẹ́yìn náà ló tún ní, "Ó dára jù."

"Báwo ló ṣe dára jù?"

"Ó ń wu èèyàn. Bí mo ṣe rí i báyìí, ó ṣe mí bíi kí n gbé e." Ó fi àwòrán náà sórí bẹ́ńṣì. "Ẹni tó bá gbé e, kí ló máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?"

"Á yìn ín."

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Òjò ń lu páànù. Dosi rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó fẹ́ kó àwọn bébà náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn," ni Samuel wí. "Kì í kìlọ̀. Ariwo rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ ṣe, àjọdé ni wọ́n ń dé. Ká ní ó kìlọ̀ ni, bó ṣe ìṣẹ́jú kan, èèyàn á ti rí nǹkan sọ."

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé láti ọsibítù, kò sọ tó bẹ́ẹ̀ nípa ìbọn rí. Dosi jókòó tì í títí òjò fi dá.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ síbi tí wọ́n kó àwọn rédíò àtijọ́ bàbá wọn sí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó tóbi bí àpótí, tí bàbá wọn fẹ́ràn. Inú rẹ̀ kún fún àwọn gílóòbù kéékèèké. Dosi rántí pé rédíò yẹn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá tan án. Gílóòbù á kọ́kọ́ pọ́n díẹ̀díẹ̀, á máa kùn bí oyin, gbogbo ilé á sì dákẹ́ dè é. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ya ìbọn mìíràn. Gílóòbù mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀léra, ẹni tó wà níwájú ìbọn náà sì lè rí wọn dáadáa. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í yìn àfi tí gílóòbù kẹta bá tàn.

Ó gbé e lọ bá Ọlọ́ládé ní Imeke. Ọlọ́ládé wò ó títí.

"Tí gílóòbù bá ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan," ló wí, "ẹni tí wọ́n na ìbọn sí lè sọ̀rọ̀ láàárín méjì."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Gbogbo ìbọn inú ìwé náà ni kó rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá ẹ ṣe é."

Ọlọ́ládé gbà. Ó ní kí wọ́n fi dán an wò lọ́sàn-án Sátidé, kí Dosi wá fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí Dosi ń múra, Samuel bọ bàtà rẹ̀, ó ní òun á sìn ín lọ, òun á kàn jókòó.

Ẹni méjì ló ti wà nídìí tábìlì nígbà tí wọ́n dé. Hikmat jẹ́ nọ́ọ̀sì, Mákánjú jẹ́ tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́ládé tò wọ́n sípò, ó fún Dosi ní ipò ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Olè kan ti jí kọ́kọ́rọ́ ìlú tó léfòó náà gbé. Wọ́n ń lé e lórí òkun. Wọ́n ju dáìsì, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n tún pàdánù rẹ̀. Samuel jókòó lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú ife omi.

"Ọkọ̀ akérò kan dábùú ọ̀nà yín," ni Ọlọ́ládé wí. "Olè yẹn ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Mo nílò ẹni tó máa jẹ́ awakọ̀ náà." Ó wo ọ̀dọ̀ fèrèsé. "Bọ̀dá Samuel, ṣé ẹ lè bá wa ṣe é?"

Samuel fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

Mákánjú kò fẹ́ kí olè náà lọ. "Mo na ìbọn mi sí awakọ̀ yẹn kó lè kúrò lọ́nà," ló wí. "Mo tan án."

"Gílóòbù kìíní ti tàn," ni Ọlọ́ládé wí. "Awakọ̀ rí i. Kí ló fẹ́ sọ?"

Samuel wo àwòrán ìbọn náà tó wà láàárín tábìlì. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ nílé.

"Mi ò mọ ẹni tí ẹ̀ ń lé," ló wí. "Èmi kàn ń wakọ̀ ni. Ìyá kan wà lẹ́yìn mi tó gbé agbọ̀n lé ẹsẹ̀. Ó ń bi mí bóyá a ti fẹ́ dé. Mo fẹ́ dá a lóhùn."

"Gílóòbù kejì ti tàn," ni Ọlọ́ládé wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mo ti la ẹnu láti dá a lóhùn," ni Samuel wí.

Kò sí ìyá alágbọ̀n kankan nínú ìwé Ọlọ́ládé, Dosi sì mọ̀. Hikmat wo ọwọ́ òsì Samuel tó wà lórí itan rẹ̀, ó sì yára gbé ojú kúrò. Dáìsì wà lọ́wọ́ Mákánjú. Ó kù kó jù ú.

"Ṣé ìbọn yìí ṣeé pa?" ló béèrè.

"Ó ṣeé pa," ni Dosi dáhùn kí Ọlọ́ládé tó la ẹnu. "Bọ́tìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ó dáa. Mo pa á." Mákánjú gbé dáìsì sílẹ̀. "Awakọ̀, ẹ máa wakọ̀ yín lọ."

"Ẹ ṣé," ni Samuel wí. Ó yí orí díẹ̀ bí ẹni tó ń bá ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Màmá, ó kù díẹ̀ ká dé."

Hikmat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní olè ti wá lọ báyìí, ta ló fẹ́ bá àwọn wá kọ́kọ́rọ́? Mákánjú ní kò burú, olè kò ní ibi tó fẹ́ sá sí lójú òkun. Ẹ̀rín sọ. Ọlọ́ládé gbé akàn díndín àti gààrí wá, wọ́n jẹun, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Samuel kò padà sídìí fèrèsé.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé padà sílé ló ti sọ ìyókù fún Dosi. Òótọ́ ni ìyá náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti fẹ́ dé ni, ọta sì wọlé kí Samuel tó dá a lóhùn. Gèlè orí ìyá náà ni wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀. Kò mọ orúkọ rẹ̀. "Mo máa ń rò ó pé mi ò dá a lóhùn," ló wí. Dosi di ọwọ́ rẹ̀ tó dáa mú títí wọ́n fi dé Ibereko.

Ìwé náà jáde lẹ́yìn ìgbà òjò, orúkọ Dosi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ ti Ọlọ́ládé. Àwọn kan tó rà á ní ìbọn inú rẹ̀ ń falẹ̀, pé ọ̀tá á ti sá lọ kí ó tó gbóná. Ọlọ́ládé dá wọn lóhùn pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwọn mìíràn ní àwọn kò tíì ṣe géèmù tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ tó báyìí rí. Dosi ṣì ń kọ orúkọ sára ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ìwé bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn ti ń ránṣẹ́ sí i.

Samuel ń lọ sí Imeke ní gbogbo Sátidé. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ta pàò, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń lè dúró níta. Ìyá wọn kò lóye ohun tí wọ́n ń lọ ṣe.

"Ta ló borí?" ló máa ń béèrè bí wọ́n bá dé.

"Kò sẹ́ni tó ń borí níbẹ̀, Màmá. À ń bá ìtàn lọ ni."

"Ẹ jókòó láti ọ̀sán, kò sì sẹ́ni tó borí?"

Nígbà tó sú u, ó tẹ̀lé wọn lọ. Ọlọ́ládé fi í ṣe olórí ọjà òṣùpá. Hikmat fẹ́ ra epo ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ná an títí, kò gbà. Mákánjú tan ìbọn rẹ̀ láti fi dẹ́rù bà á. Gílóòbù kìíní tàn, gílóòbù kejì tàn. Ìyá wọn wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì ní bó bá ti tan iná rẹ̀ tán, kó bọ́ sẹ́yìn, oníbàárà mìíràn wà lórí ìlà.