Ẹ̀yìnkùlé Tí Ìyá Àgbà Ní Ká Má Gbá

"Ta ló ní kí o gbá ibẹ̀?"

Ìgbálẹ̀ dúró sí mi lọ́wọ́. Òórùn ẹja yíyan gba gbogbo ilé, òkun ń hó lẹ́yìn wa, ìyá tó bí bàbá mi sì ń fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sáré bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó gba ìgbálẹ̀, ó jù ú sórí òrùlé. "Ọma mi, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbá ẹ̀yìnkùlé yìí mọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù sì bà mí. Obìnrin yìí kan náà ló kọ́ gbogbo wa ní ilẹ̀ gbígbá! Ní abúlé wa, nítòsí Àràròmí, yanrìn funfun tí kò ní koríko kan ni ẹwà ilé, òun sì ni ọ̀gá àwọn tó ń gbá a. Bí ọdún Àjíǹde bá ti ń bọ̀, a ó hú koríko orí òkìtì yanrìn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, a ó fa ìtàkùn olódòdó tó ń rá níbẹ̀ tu, a ó wá fi ìgbálẹ̀ fa ilà sílẹ̀. Àwọn àlejò láti Igbókòdá á yìn ín, orí rẹ̀ á wú.

Orí òkìtì yẹn la sin bàbá àgbà sí. Òun ló sọ kó tó kú pé ibi tí òun á ti máa gbọ́ ohùn òkun ni kí wọ́n tẹ́ òun sí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn mú, kò sí ohun tó di yanrìn náà mú mọ́. Atẹ́gùn ń gbé e lọ, ó ń kó o sínú púpurù tí a ń jẹ, orí sàréè sì ń lọ sílẹ̀, títí igun sìmẹ́ńtì fi yọ síta. Bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ní àwọn á hú egungun bàbá àgbà lọ sí Igbókòdá. Ìyá àgbà jókòó sórí yanrìn, ó sunkún. "Èmi ni mo fi ìgbálẹ̀ bọ́ aṣọ lára ọkọ mi," ló ń wí. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ọjọ́ kejì ló gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, èmi àti òun rin etí òkun lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbá. Ó fa koríko kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ gùn ju apá mi lọ. "Wò ó, omi ìsàlẹ̀ ló ń wá lọ. Kò gbójú lé òjò." A ru koríko àti ìtàkùn wálé, a gbìn wọ́n sórí òkìtì, a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká.

Aládùúgbò wa kan pariwo láti ojú ọ̀nà: "Ìyá, ẹ ti di àgbẹ̀ koríko!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti di àgbẹ̀ koríko. Bó bá jinná, wá bá mi jẹ ẹ́."

Ewúrẹ́ jẹ díẹ̀, oòrùn pa díẹ̀, ìyá àgbà tún gbin òmíràn. Ohun tó dùn ún jù ni Àjíǹde tó tẹ̀ lé e. Àlejò kan wo ẹ̀yìnkùlé, ó bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó ní ara òun le. Mo rí i lẹ́yìn náà nínú yàrá, ó di ìgbálẹ̀ mú, ó kàn ń wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ sídìí koríko. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò bo òkìtì. Bàbá mi wá sídìí sàréè, kò rí igun sìmẹ́ńtì mọ́. Ó ṣí fìlà. Ọ̀rọ̀ híhú egungun parí síbẹ̀.

Mo ti dàgbà nígbà tí ìyá àgbà kú. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ọkọ́ àti àdá wá láti ro òkìtì náà, torí a kì í sin àgbà sínú igbó. Bàbá mi lọ dúró níwájú wọn. "Ìyá mi ló gbìn ín." Ìwọ̀n gígùn ìyá àgbà nìkan ni wọ́n gbẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ọkọ rẹ̀. Wọ́n ṣí koríko náà tòun ti gbòǹgbò, wọ́n kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà tí wọ́n sì bo sàréè tán, wọ́n tẹ́ koríko náà padà lé e lórí.

Òkun ti sún mọ́ sàréè àwọn méjèèjì báyìí. Koríko ò lè bá òkun jà, mo mọ̀, ó sì ń bà mí nínú jẹ́. Mo ti rí àgbà tó gbọ́n, wọ́n pọ̀. Èyí tó gbà pé òun ṣì í ṣe, tó sì tún un ṣe lójú gbogbo abúlé, ìyá àgbà nìkan ni mo rí. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ rin kinkin mọ́ ọ̀rọ̀ mi, mo máa ń rí i lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ koríko mọ́ yanrìn.