Ìwé Àwòrán Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Mo ṣì rántí bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà àtijọ́ ní Ìpẹ̀rú, ṣe máa ń fi itọ́ ra ìka kó tó ṣí ìwé àwòrán tí òyìnbó fún un. Á nàka sí adúláwọ̀ elétè ńlá tó ń ru ẹrù ọmọ òyìnbó, á sì ké sí ìyàwó rẹ̀: “Ìyá Bọ́sẹ̀, wá wo ara rẹ!” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, àtèmi àtiwọn.

Ní 1979, mo ti yunifásítì dé. Mo nàka sí àwòrán náà, mo ní fún un, “Bàbá, àwa ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín.”

“Àwa kẹ̀? Èmi kàwé o.”

Nígbà tó kú, a fẹ́ fi Bíbélì sínú pósí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé àwòrán náà dé.

“Èyí ni kí ẹ fi sí i. Kó máa wo ara rẹ̀ lọ.”