Ìdin Inú Máńgòrò

Mo rántí bí ọmọbìnrin mi ṣe ń fa omi máńgòrò mu, fìì, nínú àgbàlá wa ní Pobè. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà, òun sì ni àkọ́bí mi. Ìyá ọkọ mi ló ru máńgòrò náà wá láti oko rẹ̀ ní Towé. Èèpo wọn ń dán, kò sí ọgbẹ́ lára wọn, mo sì ti fi omi iyọ̀ fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí ọmọ yọ ọ́ lẹ́nu ni ìdin funfun kan ká ara rẹ̀ kò, ó ta pọ́ún bọ́ sí i láyà. Mo wo inú máńgòrò: gbogbo rẹ̀ ló ń mì. Wọ́n ń yí lura wọn nínú omi rúsúrúsú tó ń rùn bí ẹmu tó kan. Ìdajì èso náà ti wọ ikùn ọmọ mi.

Mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo ń họ ahọ́n rẹ̀. Ọmọ ń ké, èmi ń bì. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó, ṣé ejò ló jẹ ni? Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ìdin kì í sì í gbé inú èso kíkan.”

“Màmá, ẹ wò ó, wọ́n ṣì ń rìn!”

“Wọn ò ní í rìn jìnnà.”

Mo pọn ọmọ, mo gun alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn. Ọmọ ẹ̀yà Fọ̀n ni olùtọ́jú aláìsàn tó wà níbẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá. Faransé tí mo kọ́ nílé ìwé, tí mo máa ń fi yangàn, ni mo sọ. Mo ní “vẹ́ẹ̀” wà nínú ikùn ọmọ mi. Àṣé bí Faransé ṣe ń pe ìdin náà ló ń pe aràn. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn, ó fún ọmọ lóògùn aràn lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn rẹ̀, ìyá ọkọ mi lu itan rẹ̀ pẹ́ẹ́. “Ọmọ jẹ ìdin, wọ́n fún un lóògùn aràn! Ìyàwó akọ̀wé, o káre!” Ojú tì mí.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ jókòó sórí póò, ó pariwo. Ohun tí mo bá níbẹ̀ funfun, ó ń dán, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ń lọ́ra ká ìgbẹ́. Mo ké sí ìyá ọkọ mi. Ó wò ó títí, kò rẹ́rìn-ín.

“Èyí kì í ṣe ìdin,” ó wí jẹ́jẹ́. “Aràn ni. Inú iyẹ̀pẹ̀ ló ti kó o.”

A jọ wo ẹ̀yìn ilé ìdáná wa, níbi tí ewúrẹ́ ń sùn, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń yàgbẹ́ sí, tí ọmọ mi sì ń ro ẹ̀bà iyẹ̀pẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń gé máńgòrò wẹ́wẹ́ nínú oòrùn kí n tó fi kan ẹnu. Kò burú. Ìdin ṣì ń rí mi lára. Ṣùgbọ́n èékánná ọwọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Èyí tí mo rí ni mo gun alùpùpù sá fún. Èyí tí mi ò rí ti ń bá ọmọ mi jẹun tipẹ́.