Orin Kọ̀ǹpútà Mi àti Ìyá Ológì

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí kí ẹ̀rín tó pa mí.

Lọ́sàn-án yìí ní ibùdókọ̀ Ladi-Lak, mo gbọ́ orin mi ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó bá mi tún fóònù ṣe lóṣù tó kọjá. Orin tí mo fi kọ̀ǹpútà ṣe, tó ń dún tín-ín tín-ín bíi ti géèmù ìgbà kékeré wa!

Mo já wọlé. "Bọ̀ọ̀dá, inú fóònù mi lẹ ti kó orin yẹn."

"Orin ta? Èmi ni mo ṣe é."

Inú bí mi. "Ṣé ẹ gbọ́ ibi tó ti dákẹ́ díẹ̀ yẹn? Èmi ni mo fi síbẹ̀. Àmì mi ni!"



Ni ìyá ológì tó ti ń polówó ládùúgbò wa láti kékeré mi bá sọ báàfù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Àmì ta? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mí!"

Màmá gbóhùn sókè: "Ògì tútù rèé oo..." Ó mí. "...ẹ gbábọ́ wá!"

Yéè! Orin yẹn gan-an ni! Èmi tí mo wá mú olè ni mo wá di olè!

"Ẹ má bínú, mà."

"Bínú kẹ̀? Ẹ fi sí fóònù mi jàre. Ọ̀fun ń dùn mí."

Bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó ti ń bọ̀ ládùúgbò wa. Kò lanu rárá. Fóònù ló ń polówó, gbogbo ilé ń gbábọ́ jáde.

Ta ló wá ni orin yìí? Ẹ tètè dáhùn, màmá ti dé ẹnu ọ̀nà wa.