Ìbọn Tí Wọ́n Fi Ń Búra ní Ilé Wa ní Cissin

Nígbà tí mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré ní Cissin, àdúgbò wa nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ìbọn kan wà nílé wa tí kò yìn rí lójú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó ti mú kí olè dá mótò ẹlẹ́sẹ̀ méjì padà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé àlọ́ ni mò ń pa.

Bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Sankaryaré, ló ni ín. Ìbọn onípọ́ńpù ni: igi kan wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀ tí wọ́n máa ń fà sẹ́yìn, tí wọn á tún tì padà. Kò sí ọta nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá díjú láàárín àwa Yorùbá àdúgbò, ilé wa ni wọ́n máa ń gbé e wá. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á fa igi náà, á dún "kàrà-kàrà", á ní kí irin dá òun lẹ́jọ́ bí òun bá purọ́. Ìró yẹn nìkan ti mú ọ̀pọ̀ jẹ́wọ́. Àlàájì ni bàbá mi o, kì í pa ìrun jẹ, àmọ́ ó máa ń ní, "Irin kì í ṣe ẹ̀sìn. Irin ni irin."

Ẹni tó bá búra tán á fi epo àti òrí pa ìbọn náà lára. Epo lórí epo, òrí lórí eruku. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ dà bí ìdí agbada àkàrà.

Ibẹ̀ ni wàhálà gbà wọlé. Komisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, kéde pé kí gbogbo ẹni tó ní ìbọn wá sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìbọn náà. Èyí tí ẹni tó ni ín ò bá lè sọ, àwọn á gbà á. Bàbá mi ní Faransé ló ṣe é, sójà Faransé kan ló fún bàbá òun. Àbúrò rẹ̀ ní irọ́ ni, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí nǹkan Faransé kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní, "Ẹ fọ̀ ọ́, ká wo ara rẹ̀." Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. "Bí a bá fọ̀ ọ́, ìbúra àwọn ènìyàn ti ṣàn lọ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà mótò ní àdúgbò Patte d'Oie. Ó ti fi ìbọn náà búra fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò ní fẹ́ ìyàwó kejì. Kò pẹ́ tó fi dé pẹ̀lú ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn.

"Àlàájì, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́. Ìjọba kì í ṣe ẹni tí à ń bá ṣeré."

Bàbá mi wò ó títí. "O ò fọ àwo rí nílé rẹ, ìbọn mi lo wá fọ̀?"

Àmọ́ bí kò bá fọ̀ ọ́, yóò pàdánù rẹ̀. Ló bá gbà. Omi tó ń ṣàn lára ìbọn pọ́n bí ọbẹ̀. Lẹ́tà yọ, orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ni. Ìyá aránṣọ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Wàláhì, orúkọ yìí ló wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ mi."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde. Ọ̀kan náà ni, lẹ́tà sí lẹ́tà. Àbúrò bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, télọ̀ ni irin wa."

Ìyá aránṣọ ní, "Ẹ má fojú di ẹ̀rọ ìránṣọ. Tèmi ti gún mi lọ́wọ́ rí. Tiyín yìí, ta ló ti ṣe léṣe rí?"

Ní komisáríà, ọ̀gá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lédè Faransé, àbúrò bàbá mi ń túmọ̀: "Òótọ́ ni, Àlàájì, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Ogun ilẹ̀ wọn parí, ìbọn ò tà mọ́, wọ́n bá fi ẹ̀rọ ìránṣọ kún un. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ṣe irú ìbọn yìí." Ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ó ní kí bàbá mi máa gbé e lọ sílé. "Barka," ni bàbá mi fi dúpẹ́, ó sì gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Ọkùnrin Patte d'Oie bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá òun ti bọ́ nínú ìbúra. Obìnrin náà ní, "D'accord, mo gbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀. Wá búra tuntun."

Ayé ti yí báyìí. Bí ẹ̀yin bá ń jà, ẹ ó gba ohùn sílẹ̀, ẹ ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn á sì pa fóònù tirẹ̀. Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló jogún ìbọn náà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní, "Papa, c'est dangereux," pé ó léwu, àwọn ò fẹ́ ẹ nílé. Ó gbé e fún ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn á fi ayùn irin gé e sí mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ wòran, kó mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ dání.