Aago Ìjẹta Lórí Fóònù Roqeebah

Ará Mafoluku kì í kánjú lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni. Ìdí nìyẹn tí ọkàn Roqeebah, tó ń ta ṣájà àti páòṣì fóònù lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, fi balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń lọ sí Ùmúrà. Òun ló ń bá ìyá wo ojú ewé ilé iṣẹ́ bàálù lórí fóònù. Ìjẹta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló rí pé bàálù máa gbéra. Àná, mẹ́rin. Láàárọ̀ yìí, mẹ́rin náà ni. Ìyá sì ti jáde, ó ń tọrọ àforíjì láti ojúlé dé ojúlé, bí arìnrìn-àjò Mẹ́kà ti í ṣe.

Àfi bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kúnbi, tó ń gbálẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ṣe ti ibi iṣẹ́ dé.

"Roqeebah! Màmá ti lọ, àbí?"

"Lọ síbo? Ṣebí ìrọ̀lẹ́ ni."

"Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Wọ́n ti ń wọn ẹrù àwọn ará Ùmúrà o! Méjìlá ọ̀sán ni!"

Roqeebah na fóònù sí i. Kúnbi náà fa tirẹ̀ yọ, ó ṣí ojú ewé kan náà. Háà! Mẹ́rin níhìn-ín, méjìlá lọ́hùn-ún!

"Tìẹ ló ń parọ́," ni Kúnbi wí. "Ojú ewé tó o ti ṣí níjẹta ló tọ́jú pamọ́ sínú, òun ló ṣì ń gbé jáde fún ẹ. Clear cache ẹ."

"Kí tíkẹ́ẹ̀tì ìyá mi bá a lọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Tíkẹ́ẹ̀tì ò sí níbẹ̀, olórí kunkun! Má fọwọ́ kan páswọ́ọ̀dù. Àwòrán àti fáìlì tó kó pamọ́ nìkan ni kó o pa rẹ́. Tẹ̀ ẹ́ jàre!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún ojú ewé ṣí. Ó ń yí, ó ń yí, ló bá là gbàù: aago méjìlá ọ̀sán. Àná ni wọ́n ti yí i padà!

"Mo gbé!" Ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí láàárọ̀ yìí, irọ́ ni! Aago mẹ́wàá sì ti kọjá.

Eré ló bá lọ. Ilé Ìyá Abdulmajeed, aládùúgbò wọn, ló ti bá ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jà nídìí ẹ̀rọ omi, wọn ò sì kíra wọn mọ́. Ìyá Abdulmajeed káwọ́ gbera, ó ń rojọ́.

"Màmá, ẹ dìde! Bàálù ń lọ!"

"Láìjẹ́ pé wọ́n dárí jì mí? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ilé Ọlọ́run?"

"Ìyá Abdulmajeed, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wọ́n kíákíá!"

"Kíákíá? Mi ò tíì débi tí wọ́n ti bú mi lójú àna mi!"

Roqeebah taari àwọn méjèèjì sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n yà gbé àpótí nílé, ó fi há wọn láàárín. Ẹjọ́ náà ò dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà. Ibi tí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò rìnrìn-àjò kọjá ní pápá ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ti dá Ìyá Abdulmajeed dúró, nígbà tí ẹni tí wọ́n jọ ń jà ti ń wọlé lọ. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ó ń lọ lóòótọ́!" Ló bá figbe ta, gbogbo èèyàn yíjú: "Ìyá Roqeebah! Mo ti dárí jì yín o! Gbogbo ẹ̀! Ti ojú àna mi náà!"