Ìwé òmìnira tí mo fi du Fọlákẹ́

Mo fi ìlara dí ọ̀nà ọmọ iṣẹ́ mi ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Òní ni mo fojú rí ohun tí mo bà jẹ́.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ọ̀kà ni Fọlákẹ́ ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Nígbà tó parí, mo buwọ́ lu ìwé òmìnira rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fún un. Mo ní kò tíì mọṣẹ́ tó. Irọ́ ni. Òun làwọn oníbàárà ń béèrè dípò mi. Láìsí ìwé yẹn, ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ fọ́tò kò jẹ́ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkàrẹ́ láti ra kámẹ́rà fún ọmọ ọmọ mi. Fọlákẹ́ ni mo bá nídìí káńtà.

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ fẹ́ ra kámẹ́rà fún, àbí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni."

"Ẹ mú kékeré yìí. Ó fúyẹ́, lẹ́ǹsì kan ṣoṣo sì ti tó o. Ẹni tí kò mọ ńlá yẹn lò, ẹrù lásán ló máa gbé kọ́rùn."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ńkọ́? Èwo lò ń lò?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò tíì gbòmìnira, sà. Mo kàn ń tà á ni."

Mo padà sílé lọ mú ìwé náà wá. Fọlákẹ́ kà á lọ́wọ́ mi.

"Ó ti pẹ́ jù, ọ̀gá. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n báyìí, kò lè di kámẹ́rà mú dáadáa mọ́."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sọ tinú yín, mi ò ní àwíjàre kankan. Síbẹ̀, Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ tó ń gbòmìnira, mo sì fi ìwé náà lé e lọ́wọ́.